Ohùn Létí Kànga

Ogójì ọdún ni Bàbá Olómi fi gbẹ́ kànga kí orúnkún tó kọ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Oúnjẹ ń bọ̀ lásìkò, ibùsùn rọ̀ bí òwú, síbẹ̀ ṣe ni bàbá ń rù sí i.

"Bàbá, kí lẹ ń fẹ́ tí ẹ ò rí?"

"Kò sí o, ọmọ mi. Àga ni mo dà. Wọ́n á gbé e síhìn-ín, wọ́n á gbé e sọ́hùn-ún."

Ọmọ náà tún tìmùtìmù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bíríkìlà kan ládùúgbò já wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. "Bàbá, ẹ gbà wá o! Kànga ti ya lu ẹnìkan nílé tí à ń kọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé!"

Ọmọ bàbá dìde dínà. "Bàbá ò ní wọ kànga kankan o!"

"Ta ló ní mo fẹ́ wọ̀ ọ́?" Bàbá ti mú ọ̀pá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èrò ti bo ẹnu kànga bí eṣinṣin. Iyanrìn ti mu agbẹ́kànga ọ̀hún dé àyà. Ìyàwó rẹ̀ ń ké. Àwọn ọkùnrin méjì ti ju okùn sí i, ó ti so ó mọ́ abẹ́ abíyá, wọ́n sì fẹ́ máa fà á tipátipá.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Bàbá jágbe mọ́ wọn. "Ṣé ẹ fẹ́ fà á já ni? Ẹ kúrò lẹ́nu kànga! Ẹsẹ̀ yín ló ń da iyanrìn lù ú."

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n tẹ́ pákó yí ẹnu kànga ká. Ó ní kí wẹ́dà kan tó wà nítòsí gé orí àti ìdí àgbá onírin kan kúrò, kí wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ yí ọkùnrin náà ká, kí iyanrìn má baà tún rí i mú. Òun fúnra rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí pákó.

"Ọmọ mi, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Bàbá, mi ò lè mí."

"Ò ń mí. Òun lo fi sọ̀rọ̀ yẹn. Má jà. Mú abọ́ tó wà nínú korobá tí wọ́n sọ̀ sí ọ yìí, máa fi bu iyanrìn inú àgbá sí korobá náà, díẹ̀díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, korobá kan tẹ̀lé òmíràn. Lọ́sàn-án gangan, ògiri kànga tún ya. Eruku bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi?"

Bàbá na ọrùn wọnú kànga.

"Ọmọ mi, dá mi lóhùn!"

Wọ́n gbọ́ ikọ́. "Mo wà, bàbá. Àgbá ló gbà á."

Aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó fà á jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n bàbá kò lè dìde dá a lóhùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé òun náà nílẹ̀.

Lọ́nà ilé, inú ń bí ọmọ rẹ̀. "Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbé ẹ̀yin náà lọ ńkọ́?"

"Mo mọ bí iyanrìn ṣe ń ronú. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọ. Ṣé kí n gbé ìmọ̀ náà wọ sàréè lọ ni?"

Láti ọjọ́ Ajé, bíríkìlà ń fi alùpùpù wá gbé e lọ síbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ kànga. Yóò jókòó sábẹ́ agbòòrùn, yóò máa fi ìka ra iyanrìn korobá kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá ti ní "Ó tó, gòkè wá," ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í jiyàn. Bàbá ti ń jẹun dáadáa báyìí.

Ọmọ rẹ̀ ṣì ń kùn. Bí òjò bá ti ṣú, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, títí yóò fi gbúròó alùpùpù.