Àgbọn Tí A Fi Ọwọ́ Rin

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ló kó sí mi lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìta Fájì, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní àǹtí, ló ní kí n bá òun sọ fún àwọn èèyàn pé òun máa se frejon fún títà lọ́jọ́ Ẹtì Rere, bí òun ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹ̀wà ni frejon. A ó sè é, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá da omi tí a fún lára àgbọn sí i, a ó máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki, a ó sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Àwọn ìdílé Àgùdà tó ti Bràsíl dé ló mú un wá, àmọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, onígbàgbọ́ ń jẹ ẹ́, mùsùlùmí ń jẹ ẹ́.

Mo kọ ohun tí mo máa ń kọ: "Frejon aládùn wà fún títà. Ẹ tètè bèèrè." Mo fi ránṣẹ́ sí ogójì ojúlùmọ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, ẹni mẹ́ta ló fèsì, ẹnì kan nínú wọn sì ń bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tún fáànù ṣe.

Mo tẹjú mọ́ "aládùn" yẹn. Ta ló máa polówó oúnjẹ tí yóò ní kò dùn? Ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ṣiṣẹ́ kankan. Mo wá rántí ọwọ́ àǹtí mi, bí páànù ìrin-àgbọn ṣe máa ń bó oríkèé ìka wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí wọn yóò fi báńdéèjì dì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo kọ: "Àgbọn tí a fi ọwọ́ rin." Mo fi orúkọ oúnjẹ náà àti ọjọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo tún fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn kan náà. Kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé wa, mẹ́tàlélógún ti fèsì.

Abọ́ mọ́kàndínlógún ni àǹtí mi tà lọ́dún tó ṣáájú. Lọ́dún yẹn wọ́n ta mọ́kànlélógójì. Kò sí ohun tó yí padà àfi ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan yìí ti gbà mí lọ́kàn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan nítorí ọ̀rọ̀ ìpolówó. Mo ra ìwé kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, mo fa ìlà mẹ́ta sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo kọ, iye ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí, iye ẹni tó fèsì. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ méjì tí mi ò mọ èyí tó dára jù, màá pín àwọn ojúlùmọ̀ mi sí ọ̀nà méjì bí lẹ́tà orúkọ wọn ṣe tẹ̀léra, màá fi ọ̀kan ránṣẹ́ síhìn-ín, ìkejì sọ́hùn-ún, ní ìṣẹ́jú kan náà. Mo kọ̀wé fún obìnrin kan tó ń ta ẹní ní Ẹnu Ọ̀wá. "Ẹní tó lágbára" mú ẹni márùn-ún wá. "Ẹní tí ọmọ mẹ́ta lè sùn lé láì jà" mú mọ́kàndínlógún. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ tó ń yin ọjà kì í tà, ọ̀rọ̀ tí ojú lè rí ló ń tà.

Ṣùgbọ́n frejon ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, torí àǹtí mi. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọn yóò jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, màá máa ka ohun tí mo kọ fún wọn sókè. Wọn yóò dijú.

"Tún ìyẹn kà."

Màá tún un kà.

"Ó gùn. Èèyàn á ti gbàgbé àgbọn kó tó dé ìdí ẹja."

Wọn ò kàwé púpọ̀, àmọ́ etí wọn mú ju tèmi lọ. Ìgbà mìíràn, àwọn gan-an ló máa fún mi ní ọ̀rọ̀ tó máa mówó wọlé. Mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì tí kò ní sú u, àfi àwọn nìkan.

Ibì kan wà tí mi kì í dé. Nínú ilé wa, láti ayé ìyá ìyá mi, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò frejon. Wọ́n ní nítorí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀wà kaná lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ títí wọ́n á fi sọ ìkòkò kalẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ìta ni wọ́n ń fi mí sí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, kí n máa gba orúkọ àwọn tó fẹ́ rà. Tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ, màá kọ ọ́ sínú bébà, màá kan ilẹ̀kùn, wọn yóò na ọwọ́ gbà á. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé èmi tí mo ń kọ̀wé nípa frejon ni mi ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Lọ́dún kejì, a ta abọ́ méjìdínláàádọ́rin. Lọ́dún kẹta, márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún kẹta yẹn ni mo lọ kí màmá tó gbé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì mi. Pópó Àgùdà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọn ò jẹ frejon mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti kú, torí ẹ̀gbọ́n yẹn ló máa ń bá wọn rin àgbọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni wọ́n rí tí wọ́n fi ní kí n mú abọ́ méjì wá fún wọn.

"Frejon yẹn dùn," ni wọ́n wí. "Àmọ́ mi ò bá èérún kankan pàdé."

"Èérún wo, Màmá?"

"Èérún àgbọn. Èyí tí a fi ọwọ́ rin, bó o sẹ́ ẹ títí, díẹ̀ á ṣì há sí ọ láàárín eyín. Bá a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Mo ní, "Àǹtí mi ń sẹ́ ẹ dáadáa ni."

"Ó dáa," ni wọ́n sọ, wọ́n sì bi mí nípa iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí èmi àti àǹtí mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ti kọ ìlà tuntun kan sílẹ̀: "Aṣọ funfun la fi sẹ́ ẹ, kò sí èérún." Àròyé tí màmá ṣe fún mi ni mo sọ di ìpolówó, orí mi sì wú. Mo bi àǹtí mi pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń sẹ́ ẹ.

Wọ́n dijú. "Èwo ló dùn ún gbọ́ jù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Kọ ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà náà."

Abọ́ méjìléláàádọ́fà ni àwọn èèyàn bèèrè fún. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú ìwé aláwọ̀ ewé mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, Màmá pè mí pé dókítà ti ní kí àwọn má jẹ ṣúgà mọ́, kí wọ́n yọ tàwọn sọ́tọ̀. Mo kọ ọ́ sínú bébà, mo kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà ń ké, wọn ò gbọ́. Mo tún kan án. Nígbà tí ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa da ṣúgà sí i, mo ti ilẹ̀kùn wọlé.

Páálí mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, agolo mẹ́rìnlélógún ló ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbọn inú agolo ni. Èyí tí wọ́n ti ṣí kún inú àpò kan dé ẹnu. Páànù ìrin-àgbọn so kọ́ sára ìṣó, ó ti dípẹtà. Àgbọn gidi méjì wà lójú fèrèsé, odindi.

Àǹtí mi rí mi, wọ́n sì rí ibi tí mò ń wò. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ ń ro ìkòkò lọ, wọn ò gbójú sókè. Mo la ẹnu. Àǹtí mi gbé ìka kan sí ètè.

Mo sì dákẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù lónìí nìyẹn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi dúró níbẹ̀ tí mò ń bọ̀wọ̀ fún àṣà ilé wa, títí wọ́n fi sọ ìkòkò náà kalẹ̀.

"Láti ìgbà wo, àǹtí?"

Wọ́n fi ìdí aṣọ nu ojú. "Ọdún kejì. Àgbọn mélòó lo rò pé ọwọ́ yìí lè rin? Ìwọ lò ń kó èèyàn wá."

"Ẹ̀yin àti èmi la jọ kà á. Ẹ dijú, ẹ ní kí n tún un kà."

"Torí ó dùn ni. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ ọjà búra?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń rò ó ní, "Sístà, ẹ má bínú. Ṣé ẹsẹ̀ la fi ṣí agolo ni?" Ìkejì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé jáde kúrò níbẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Pópó Àgùdà. Mo sọ fún Màmá bó ṣe rí, látorí páálí dé orí àgbọn méjì ojú fèrèsé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo sọ fún ẹ lọ́dún tó kọjá."

"Mo rò pé..."

"O fi ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn. Mi ò mọ àǹtí rẹ dáadáa, ọmọ mi. Ìwọ ni mo ra frejon lọ́wọ́ rẹ̀."

Ní iwájú ilé wọn ni mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Mi ò wá ọ̀rọ̀ tó dùn, mi ò sì pín àwọn èèyàn sí méjì. "Àgbọn inú agolo ló wà nínú frejon yìí. Ọdún kẹta rèé. Èmi ni mo kọ pé ọwọ́ la fi rin ín. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó dá mi lóhùn." Alhaja tó ń gbé ní yàrá iwájú wa ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Ẹja ńkọ́, ṣé òun náà ti inú agolo wá? Ẹja ni mò ń rà ní tèmi." Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì Rere, mẹ́tàdínlógójì nínú méjìléláàádọ́fà ló ṣì fẹ́ ẹ. Àǹtí mi gbé ìkòkò méjì tó ṣẹ́kù káàkiri ilé, wọ́n ń wá ẹni tó máa gbà á, títí di ọjọ́ Àjíǹde. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, bẹ́ǹṣì kan náà la sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Lọ́dún yìí, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, Alhaja na fóònù rẹ̀ sí mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ àǹtí mi ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀: àgbọn tí a fi ọwọ́ rin, aṣọ funfun, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọn ò yí ẹyọ kan padà.

"Ṣé ìwọ náà lo tún kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo sọ fún un. "Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo ra àgbọn mẹ́fà àti páànù ìrin tuntun. Ó bó mi ní ìka méjì kí n tó rin ẹyọ kejì tán. Èmi nìkan ni mo ro ìkòkò kan ṣoṣo yẹn, láì sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni: "Frejon ọjọ́ Ẹtì Rere. Àgbọn mẹ́fà ni mo rin. Èérún wà nínú rẹ̀." Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi èérún polówó.

Mo gbọ́ pé ti àǹtí mi lé ní àádóje abọ́. Màmá jẹ tèmi, wọ́n fi igi ìtayín yọ nǹkan kan láàárín eyín, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n wò ó, wọ́n sì tẹ̀ síwájú nínú oúnjẹ wọn. Mo kọ iye náà sínú ìwé aláwọ̀ ewé: ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí, abọ́ mẹ́rìnlá ni mo tà.