Ọmọ Tó Máa Ń Pẹ́ Dé Di Mọ́gàjí

Bí èèyàn bá ti ṣe tíṣà rí, kò lè jà ní ìrọ̀rùn ní Ọjà'ba mọ́. Màá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ẹlẹ́wà fa wàhálà nítorí kóńgò rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, ẹnìkan á kígbe láti ẹ̀yìn: "Tíṣà wa, ẹ kú ọjà o, mà!" Ìjà parí nìyẹn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Mápó ni mo ti fẹ̀yìn tì, n kò sì rí ibi sá sí.

Ṣùgbọ́n ti ọdún tó kọjá le. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ jẹ Mọ́gàjí, olórí agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ó sì ránṣẹ́ pè mí síbi ayẹyẹ. Ọmọ yìí! Kò sí òwúrọ̀ tí kì í pẹ́ dé, kò sì sí òwúrọ̀ tí n kì í mú un kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì. Àwáwí rẹ̀ kì í ju ẹyọ kan lọ: "Ewúrẹ́ ló já, mà."

Aládùúgbò mi, obìnrin tó mọ àṣà ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ, wá ta mí lólobó.

"Ẹ̀yin lẹ máa kúnlẹ̀ fún un o, mà. Ó ti di bàbá gbogbo agboolé, kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún yín mọ́ ní gbangba."

Inú bí mi. Èmi tí orúnkún mi ń ké bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mú bàtà? Bí n kò bá lọ, wọ́n á ní mò ń jowú ọmọ mi. Bí mo bá lọ tí n kò kúnlẹ̀, wọ́n á ní tíṣà ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo wọṣọ, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Kí ọ̀kadà tó gbé mi dé Ìsàlẹ̀ Òsì, gbogbo èèyàn ti jókòó tipẹ́.

Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Mọ́gàjí wà lórí àga ńlá. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo ń bẹ orúnkún mi pé kó má dójú tì mí.

Kí n tó kúnlẹ̀, Mọ́gàjí dìde. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Ni àwọn tó kù náà bá dìde, bàbá onírùngbọ̀n, ìyá ọlọ́mọ, alápatà, àwọn tí mo ti kọ́ rí. Wọ́n fa ohùn gùn bíi ti kíláàsì:

"Ẹ kú ọ̀ọ̀ọ̀sán, mààà!"

Kò sì sí ẹni tó jókòó. Aládùúgbò mi tó ti ṣáájú mi dé ń wo àjà. Àṣà ní kí Mọ́gàjí má dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó má dìde fún tíṣà. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

"Tíṣà," ni Mọ́gàjí wí, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, "ẹ pẹ́ dé."

"Ewúrẹ́ ló já," ni mo dá a lóhùn.

Ilé bú sẹ́rìn-ín, síbẹ̀ wọ́n ṣì wà lórí ìdúró. Mo nu ojú mi.

"Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n Mọ́gàjí dúró títí mo fi rí àga.