Aṣọ Tí Mo So Mọ́ Ọ̀rọ̀ Òyìnbó

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì rò ó fún mi lórí fóònù. Mo wà ní Misfalah, ní Mẹ́kà, lọ́jọ́ tí Dókítà jókòó sórí àga mi. Mo wà ní Jẹ́dà lọ́jọ́ tí Ìyá Ràbí dúró níwájú nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àwọn kan ṣì ń sọ kiri pé ìlara ni mo fi tú kíláàsì òyìnbó wa ká. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tó bá láyà, Al-Nuzlah, ní Jẹ́dà, ni mò ń gbé báyìí, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Prámárì fáìfù ni mo ti kúrò níléèwé, n kò sì fi ṣe àṣírí. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ẹrù, kò sí ẹni tó tó mi ní gbogbo Misfalah. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi to ẹrù àwọn arìnrìn-àjò hájì ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí mọ́sálásí ńlá Haramu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ mọ̀ ọ́n: báàgì kan náà, àwọ̀ kan náà, ni wọ́n ń pín fún gbogbo èèyàn ìpínlẹ̀ kan. Bí bọ́ọ̀sì mẹ́fà bá dé lẹ́ẹ̀kan, báàgì á kún ilẹ̀ bẹẹrẹ, gbogbo wọn á jọra bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi máa ń fa ankárá ya, tí wọ́n á so ó mọ́ ọwọ́ báàgì, èyí pupa, èyí aláwọ̀ ewé, èyí aláwọ̀ aró. Aṣọ yẹn ni mo máa ń kà. N kì í wo orúkọ rárá. Mo lè pín irínwó báàgì sí yàrá láàárín ìrun Súúrì sí Àsárì, kí ọ̀kan má ṣìnà. Ṣántà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe báàgì, ni wọ́n bá sọ mí ní Àlàájì Ṣántà. Orúkọ iyì ni.

Òyìnbó tí mo gbọ́, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tó kán ló fún mi. Àlàájì kan láti Ìsẹ́yìn, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn tí wọ́n jọ wá lọ sí Mẹ̀dínà, wọ́n fi í sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un. Ọkùnrin náà kò lè rí èèyàn kó má kọ́ ọ níwèé. Kó tó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, á ní, "Kí ni ọ̀rọ̀-orúkọ?" Bí mo bá dákẹ́, á di ṣíbí mú, á máa wò mí. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀-àpèjúwe, gbogbo rẹ̀ ń jò dànù lórí mi. Lọ́jọ́ kan ara mi gbóná.

"Àlàájì, ẹ so aṣọ mọ́ wọn lára!"

"Aṣọ wo?"

"Bí ti báàgì. Ẹ fún orúkọ ní pupa, ẹ fún iṣẹ́ ní ewé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi dùn ún. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí kalẹ̀. "Tún un sọ," ló wí.

Mo lọ gé páálí omi sí wẹ́wẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ sí wọn, mo fa ankárá ya. Pupa fún orúkọ èèyàn, ibi àti nǹkan. Ewé fún iṣẹ́. Òféfèé fún ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Aró fún àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́ńpẹ́ tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, bóyá inú ni, bóyá abẹ́ ni. Funfun fún ọ̀rọ̀ tó ń dúró fún ẹlòmíràn, bí ìgbà tí Àlàájì kan lọ sí Haramu tí àbúrò rẹ̀ dúró ti ẹrù rẹ̀. Nígbà tí a dé orí àpólà, èmi ni mo kọ́ tísà. Mo ní àpólà kò ju ẹrù ìdílé kan lọ. Baba, ìyá, ọmọ, aṣọ wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni wọ́n ń lọ, lífíìtì kan náà ni mo máa fi gbé wọn gòkè. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan tí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, ẹjọ́ dé. Mo tún sọ fún un pé báàgì kan lè wọ yàrá ọ̀tọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà kí a má wo ojú báàgì, ká wo yàrá tó ń lọ.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú pàṣán," ni baba náà wí. "Mi ò ronú kan aṣọ."

Kò sí ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ mi.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba wá fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ògiri òtẹ́ẹ̀lì wa. Ní Misfalah, ẹni tó bá rí ọ̀dà yẹn mọ̀ pé katakátá ń bọ̀. Bí wọ́n bá wó òtẹ́ẹ̀lì, kàfíìlì wa, ọ̀gá tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìgbélùú wa, kò ní dúró fún wa mọ́. Ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní ìkámà. Ẹni tí ìkámà rẹ̀ bá kú tí kò rí kàfíìlì mìíràn, ilé ló ń lọ. Èmi ti rí tèmi ní Jẹ́dà, ta ni kò fẹ́ irú mi? Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa mẹ́sàn-án tó ń tọ́jú yàrá kò tíì rí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jẹ́dà wá ní òun ń wá obìnrin tí yóò máa ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, òun yóò sì gba ìkámà wọn. Ìdánwò wọn kò ju kí èèyàn ka ìlànà tí wọ́n kọ ní èdè òyìnbó, kó sì ṣe ohun tó wà níbẹ̀ lójú wọn.

Ìyá Ràbí ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Mẹ́kà ló sin ín sí. Ràbí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò fojú kan Nàìjíríà rí. Bí ìyá bá sọ Yorùbá sí i, Lárúbáwá ni yóò fi dáhùn. "Ràbí, kí Àlàájì." Ọmọ á kí mi káàbọ̀ ní ti Lárúbáwá, "Àhlán, yà ámmì." Ibo lẹ fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayé sí?

Mo ní kí àwọn obìnrin náà wá kọ́ òyìnbó lọ́dọ̀ mi. Yàrá ẹrù ni a lò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ilẹ̀kùn ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu kí ẹnikẹ́ni má baà ro ìròkurò. Mo ta okùn mẹ́ta láti ògiri dé ògiri, mo kọ́ káàdì sórí wọn. Wọ́n á já ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó àwọn tó jọ ń lọ papọ̀ sí apá, wọ́n á rù ú lọ síbi tó yẹ. Mo kọ́ ọ sórí okùn lọ́jọ́ kan: "the old woman in the second room". Àlàájà Múlí, tó dàgbà jù nínú wọn, já "woman", ó fi "old" sílẹ̀ lórí okùn.

"Àlàájà, ẹ ti gbé ìyàwó dé àjà kẹta, ẹ fi ọkọ sílẹ̀ nísàlẹ̀!"

"Ṣé ọkọ náà ò ní ẹsẹ̀ ni? Kó gun lífíìtì máa bọ̀!"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò ṣì í gbé mọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ keje, Ìyá Ràbí ti ń ka ara ike ọṣẹ fún ara rẹ̀, ó sì ń ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi, prámárì fáìfù.

Ẹnu mi yìí ló wá pe Dókítà. Ọmọ Nàìjíríà ni, lójú ọ̀nà Al-Abidiyah, ní Mẹ́kà náà, ló ń gbé. Kòkòrò tó ń jẹ irè oko ló fi gboyè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí ìyẹn. Mo bá a gbé fíríìjì gòkè, mo sì ń fọ́nnu bí mo ṣe ń kọ́ obìnrin mẹ́sàn-án ní gírámà. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Màá wá wò yín." Inú mi dùn. Mo rò pé ìyìn ló ń bọ̀.

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú jalabíà funfun àti pẹ́ẹ̀nì lápò. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò dìde fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Àlàájà Múlí fọwọ́ kàn mí léjìká. "Àlàájì Ṣántà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún, kí Dókítà jókòó." Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo bọ́ sórí páálí omi. Dókítà kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa tó fi rí okùn mi.

"Kí nìyí?"

"Gírámà ni, Dókítà."

"Àlàájì, àkísà lára okùn, ọ̀rọ̀ kíkọ sí i, obìnrin mẹ́sàn-án yí i ká, ní Mẹ́kà? Bí ọlọ́pàá ṣúrútà bá já wọlé báyìí, gírámà ni wọ́n máa pè é? Sihírì ni wọ́n máa pè é!"

Kò sí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yẹn tí kò mọ ohun tí sihírì, oògùn àti idán ṣíṣe, lè fà, ẹ̀wọ̀n ni tàbí ikú. Mo ní, "Dókítà, aṣọ kan náà yìí ni àwa Yorùbá ń so mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún báàgì tó ń kọjá níwájú ṣúrútà lọ́dọọdún. Ta ni wọ́n mú rí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàwé kọ́ èèyàn níwèé."

Kì í ṣe òun ló gé aṣọ náà o. Àwọn obìnrin mi fúnra wọn ni. Wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọ́n ń gé e bí ẹni tí iná ń lé bọ̀, wọ́n ń rọ káàdì àti ankárá sínú ọ̀rá dúdú. Ìyá Ràbí ló gé tirẹ̀ kẹ́yìn. Mo dìde, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí kòkòrò Dókítà kọ́ wọn ní èdè òyìnbó, mo sì jáde.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, orin ni mo ń gbọ́. Dókítà á sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ lóyìnbó, wọ́n á gbè é. Á sọ ti ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n á gbè é. Kò sí ẹni tó ń gbé nǹkan kan lọ síbì kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ràbí ká mi mọ́ ẹnu lífíìtì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè kà á jáde lórí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

"Lọ sọ fún Dókítà."

"Ta ló máa sọ ìyẹn fún Dókítà? Ẹ jẹ́ ká máa ṣe tiwa lẹ́yìn iṣẹ́, èmi àti ẹ̀yin. Kó ṣáà ti yé mi."

"Kì í wá ṣe sihírì mọ́?"

Ó tẹ orí ba. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní ọmọ."

Mo tẹ bọ́tìnì lífíìtì. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Dókítà ní òun ní ìpàdé. Èmi ni mo mú wọn lọ sí Jẹ́dà, nítorí èmi ni mo mọ ọ̀nà. Mo jókòó níwájú yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn onígíláàsì. Nọ́ọ̀sì ará Filipíìnì kan, obìnrin jẹ́jẹ́, fi ìwé lé Ìyá Ràbí lọ́wọ́. Àwọn aṣọ ibùsùn wà níwájú rẹ̀, yàrá kejì wà lápá ọ̀tún. Kó aṣọ mímọ́ lọ sí yàrá kejì, ohun tó wà nínú ìwé náà nìyẹn. Ẹrù ìdílé kan péré ni! Ó ti rù ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú mi. Ṣùgbọ́n mo rí ètè rẹ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀, mo mọ orin tó ń kọ. Nọ́ọ̀sì tún fi ìka sórí ìwé. Ìyá Ràbí na ọwọ́ sí aṣọ, ó fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí gíláàsì, ó ń wá mi. Mo dìde. Mo na ọwọ́ sí ọ̀tún, bí mo ṣe máa ń ṣe ní yàrá ẹrù. Nọ́ọ̀sì rí mi, ó fa kọ́tìnì.

Àwọn méjì tó ti jáde ìwé mẹ́wàá kó tó di pé wọ́n wá sí Mẹ́kà ló yege, àwọn tí kò nílò èmi tàbí Dókítà. Mẹ́fà nínú àwọn tó kù padà rí ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Ìkámà Ìyá Ràbí ló kọ́kọ́ kú, òun àti ọmọ rẹ̀ sì ní láti padà sí Nàìjíríà. Èmi ni mo gbé ẹrù wọn dé pápákọ̀ òfurufú. Ràbí ń sunkún ní Lárúbáwá, ìyá rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá. Mo pe Dókítà láti ibẹ̀ kó lè gbọ́ ẹkún náà. Ó ní, "Ìpìlẹ̀ wọn ni kò dára, Àlàájì." N kò lè kọ ohun tí mo fi dá a lóhùn síbí, nítorí àwọn ọmọdé lè kà á.

Wọ́n ti wó òtẹ́ẹ̀lì náà báyìí. Ohun tó lọ nìyí. Káàdì igba ó lé mẹ́rìnlá. Okùn mẹ́ta. Iṣẹ́ méje ní ilé ìwòsàn. Ìkámà méjì, ti ìyá àti ti ọmọ. Àti Jímọ̀ mẹ́ta tí mo fi ń bínú, tí mo lè fi kọ́ Ìyá Ràbí.