Ibojì Tí Wọ́n Ń Ṣọ́ ní Líkíà

Mo ń fọ aṣọ ọmọ mi lọ́wọ́ ní Okokomaiko nígbà tí ìròyìn dé pé àbúrò bàbá mi ti ta ilé wa ní Ọ̀jọ́, katakata sì ti wó o, tòun ti yàrá tí a sin ìyá mi sí.

Mo pọn ọmọ mi, mo gba ọ̀nà Ọ̀jọ́. Kò tíì pẹ́ tí èmi àtàwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi lọ ra aṣọ ọmọdé ní Tọ́kì, tí wọ́n mú wa lọ wo ahoro ìlú kan lára òkè, ní ilẹ̀ Líkíà inú Bíbélì. Wọ́n gbẹ́ ibojì sára àpáta bí ẹnu ọ̀nà ilé. Mo kàn fẹ́ fìdí lé ọ̀kan ni, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ pariwo mọ́ mi. Òkú tí kò lọ́mọ láyé mọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀!

Mi ò kúnlẹ̀ kí àbúrò bàbá mi náà nígbà tí mo dé Ọ̀jọ́.

Wọ́n ní, “Ìyálọ́jà Tọ́kì, ṣé òkú ń san rẹ́ǹtì ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà á kú, bàbá. Ṣé ká ta ibojì tiyín náà?”

Mo sọ ọmọ mi kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù tó fọ́. “Ìyá àgbà ẹ ló wà lábẹ́ ibí. Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ lásán ni, sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.”