Amí Inú Kọ̀ǹpútà Wa ní Agbowó

Èmi ni mo lé amí náà jáde, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi dí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó ni mo ti ń tẹ̀wé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sókè òkun. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Oníbàárà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bí èsì bá dé, èmi náà ni n ó kà á fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ti inú dísíkì rẹ̀ fi ètò ọ̀fẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà náà. Láti ọjọ́ náà, iná módẹ́ẹ̀mù wa, àpótí kékeré tó so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, ń ṣẹ́jú nígbà tí a ò ṣe nǹkan kan. Oníbàárà kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní amí ni, pé gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló ń dà kọ fún àwọn tó ṣe é. Inú bí mi gan-an. Ọjọ́ tó ṣáájú ni tíṣà kan láti Akobo ní kí n kọ̀wé sí ọkọ òun lókè òkun pé wọ́n bá kókó kan lọ́mú òun, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Nínú àwọn àna tí wọ́n jọ ń gbé, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó fẹ́ rí èsì ọkọ rẹ̀ kó tó wọ ọsibítù. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni àjèjì ń kà!

Mo pa amí náà rẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo tún ń fọ́nnu. Nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà, módẹ́ẹ̀mù súfèé, ó wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ò dé.

Òjò ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, nítorí òjò ló máa ń ba wáyà tẹlifóònù wa jẹ́. Mo pààrọ̀ wáyà, pàbó. Mo pe àwọn tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ ń wọlé sọ́dọ̀ wa dáadáa,” ni wọ́n wí. N kò kórìíra “dáadáa” tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá mi, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ní, “Dá nǹkan yẹn padà síbẹ̀ jàre. Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa tí òyìnbó fẹ́ jí?”

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní dá a padà.”

“Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ò ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi á dá a padà.”

Lọ́jọ́rú, mo wọ tasín lọ sí Dùgbẹ̀ lọ bá ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún wa. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Amí yẹn ti sọ ara ẹ̀ di máígádì. Gbogbo lẹ́tà, ọwọ́ ẹ̀ ló ń gbà kọjá. O wá lé e lọ tòun ti kọ́kọ́rọ́ lápò. Yọ ilẹ̀kùn yẹn, kó o fi òmíì síbẹ̀.” Ó fún mi ní sídíì tí mo máa fi ṣe é, ó ní kí n kọ́kọ́ kọ gbogbo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ wọ́n sínú ìwé, mo yọ ètò tó so kọ̀ǹpútà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe yọ ọ́ tán ni iná lọ. Mi ò kúrò lórí àga. Nígbà tí iná dé lọ́sàn-án, mo tò ó padà, ó kọ̀. Ìkọ̀wé jákujàku mi ló jẹ́ kí n ka ení sí eéje. Mo tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ti ọkọ tíṣà wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Tíṣà dé nírọ̀lẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ amí náà fún wọn, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

“Ṣé kò wá sẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi mọ́ báyìí, àbúrò mi?”

“Kò sí mọ́, mà.”

Mo ti la ẹnu láti ka lẹ́tà náà fún wọn kí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tó yé èmi fúnra mi. Ojú tì mí. Mo dìde.

“Ẹ jókòó síbí, mà. Bẹ́ ẹ bá tẹ èyí, ó máa ṣí.”

Mo jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kẹ̀yìn sí wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ìka kan tẹ èsì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí ọkọ wọn sọ.