Òkúta tí Ìyá Kaothar ná

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Marine Beach pé olóògbé Ìyá Kaothar, ẹlẹ́ja gbígbẹ, ti ná òkúta rí ní mùsíọ́ọ̀mù. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ síbẹ̀ ní Àpápá nígbà náà, ó ń nu àwọn òkúta tí wọ́n kó sínú dígí. Ìyá yọ lójijì, tòun ti òórùn ẹja, ó nàka sí èyí tó ní àwọ̀ elésè àlùkò, tó ń dán yanran.

"Ọ̀gá, èló lẹ ń ta eléyìí?" ó bi Ọ̀gbẹ́ni Timothy, ọ̀gá Kaothar.

"A kì í tà á, mà. Wíwò la gbé e síbẹ̀ fún."

"Mo gbọ́. Èló ni jálẹ̀?"

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí nọ́ọ̀sì bá ní abẹ́rẹ́ márùn-ún ló máa gbà, á ní kó jẹ́ mẹ́ta, òun á mú aláìsàn mìíràn wá fún wọn. Ó ti bá lẹ́mọ́mù dúnàá-dúrà lórí wàásù rí: kó sọ ìdajì lónìí, òun á wá gbọ́ ìyókù lọ́la. Gbogbo ayé á máa rẹ́rìn-ín, ojú á máa ti Kaothar.

Oghenekevwe tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá sí i. "Mama, dem no dey sell am o."

"Gbogbo ọlọ́jà ló ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá wí. "Ojoojúmọ́ lọmọ yìí ń nù ún fún yín. Ẹ jẹ́ kó kúkú di tiẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Timothy kọjú sí Kaothar. "Ṣé màmá ẹ nìyí?"

"Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, sà."

Ìyá gbọ́ ọ. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun padà. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà. Kaothar ń nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kó gbójú sókè.

"Wọn ò pè mí padà," lohun tí Ìyá sọ nílé lálẹ́, ó sì bu ẹja tó tóbi jù fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà ká gbogbo Marine Beach, tó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ "àdúgbò kan náà" sí i rí títí tó fi kú.

Nígbà tí Kaothar padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ọ̀gbẹ́ni Timothy bi í pé ta ló kú.

"Ìyá tó wá ná òkúta yìí, sà. Ìyá mi ni."

Kaothar gbé aṣọ ìnudígí sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ padà. Ẹ wá mú un."