Irun Tó Jẹ Òòyà Mẹ́ta

Orí tèmi ti pá kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi bú mi tó bá yá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí irun ti dágbére fún àtàrí mi. Bí mo bá jókòó síwájú ilé mi ní Pápá Àjàó lọ́sàn-án, tí oòrùn sì kọ lu orí yìí, àwọn ọlọ́kọ̀ a máa fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n á ní ta ló ń tan iná sí àwọn. Síbẹ̀, èmi apárí yìí ni mo tọ́jú irun kan, tí obìnrin tó fi irun dídì jẹun fi wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń bi mí ní ohun tí mo fi sí i. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó wá wò. Ọmọ náà ń bẹ, irun náà sì ń bẹ lórí ẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lọ sídìí iṣẹ́. Gbogbo ohun mìíràn tí mo mọ̀, ara igi ni mo ti kà á. Ní ọlidé gígùn kan báyìí, wọ́n ní kí ọmọ mi obìnrin lọ kọ́ nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó wá mú ọmọ tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ó gbé báàgì aṣọ ọmọ sílẹ̀, ó gbé bàtà sílẹ̀, ó wá yọ òòyà oníke kékeré kan tí eyín rẹ̀ há mọ́ra bí eyín ẹja, ó fi í sórí tábìlì mi bí ẹni tó mú ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ wo irun ọmọ yìí."

Mo wò ó. Irun náà ki, ó dúdú, ó ká wọnú ara rẹ̀ lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ti fi rìlásà sí i rí kó lè nà, ó bó ọmọ náà lórí, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Èyí tó tún hù fúnra rẹ̀ yìí ni kò gba ti ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi ní, "Gbogbo ọjọ́ Àìkú logun ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Kí n tó yà á tán, ó ti sunkún, èmi náà ti sunkún, wọ́n sì ti kọrin àkọ́kọ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí n gé e, ó ní òun ò fẹ́. Mo ti wá sọ fún un. Ọjọ́ tí mo bá dé, mo máa fi òòyà yìí yà á. Bí omijé kan péré bá bọ́ lójú ẹ̀, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ là ń lọ tààrà."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo orí bí ẹni tí yìnyín ká mọ́ ìta.

Mo kọjú sí ìyá rẹ̀, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, a kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Ó ní, "Olórí máa wà níbẹ̀, Bàbá mi. Òun gan-an ló máa jókòó sórí àga."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Ìyá rẹ̀ ló fi ẹnu yẹn sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ irun tó wà lórí ọmọ náà. Irun ìyàwó mi tó ti sùn ni. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ní Èbúté Mẹ́ta, tó ká bí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ lẹ́nu ìfági. Ti ọmọ mi, mi ò lè sọ bó ṣe rí mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wíìgì ti jókòó lé e. Ibi kan ṣoṣo tí irun ìyàwó mi tún kù sí láyé nìyí, ẹnìkan wá fẹ́ gbá a dà sínú garawa ìdọ̀tí onígbàjámọ̀.

Mo ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọmọ mi wo orí mi, ó wo irun ọmọ rẹ̀, ó tún padà wo orí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin?" Ẹ̀rín ló ń rín títí dé ìdí ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọmọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi níwájú ilé, mo mú òòyà, mo kì í bọ ìdí irun gẹ́gẹ́ bí mo ti ń rí i tí gbogbo ayé ń ṣe. Irun náà jẹ ẹ́. Mi ò purọ́ fún yín. Òòyà àkọ́kọ́, eyín mẹ́rin ló kù sínú irun. Mo lọ ra òmíràn, irun náà dá a sí méjì. Ẹ̀kẹta wọlé, a ò sì rí i mọ́ títí di òní. Bí ọmọ náà bá mi orí dáadáa, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ tó ń ró nínú ibẹ̀. Òòyà ìyá rẹ̀ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, ẹlẹ́rìí ni. Ọmọ náà ti bú sẹ́kún nígbà náà, ẹkún tó ń pe àdúgbò.

Onídìrí kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé mi. Obìnrin náà gbọ́, ó sì yọjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káfíńtà! Ṣé tábìlì lẹ fẹ́ kàn sórí ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Mo ní, "Kú ìran wíwò, ìyàwó. Dojú kọ tìẹ."

"Ẹ gbé e wá jàre. Kí n fi rìlásà díẹ̀ rọ́ ọ, kó dọ̀bálẹ̀."

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ rí, ó fi iwájú orí gbá ilẹ̀. Irun yìí kò ní dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Apárí tó ń ṣe onídìrí! Mo ti rí nǹkan lónìí."

Mo wọlé lọ sídìí pákó mi, mo jókòó. Ojú ń tì mí. Pákó kan wà níbẹ̀ tó ní kókó. Bí o bá ti ìfági lòdì sí bí ara igi ṣe sùn, á fa pákó náà ya. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó yí pákó padà, a ó sì gba ibi tó rọ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi dé ibi kókó. Mo dìde fùú. Ìdí irun kọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀! Ṣóńṣó ni!

Mo mú àjákù ìrókò kan, mo gé òòyà tèmi. Eyín mẹ́jọ péré, ọmọ ìka lè gba àárín wọn kọjá. Mo fi sáńpépà bó o títí tó fi ń dán ju orí mi lọ. Mo fi ìṣó lu ideri ike omi ní ihò wẹ́wẹ́, kí omi lè máa tú jáde bí ìrì. Mo ra òrí àti òróró àgbọn ní ọjà Ojúwòyè. Mo wá pín irun náà sí ọ̀nà mẹ́rin, mo fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ dá apá mẹ́ta dúró, mo dojú kọ ìkan. Omi lákọ̀ọ́kọ́. Irun tó gbẹ ló ń jà, èyí tó bá mu omi yó a máa gbọ́ràn. Tiwa yìí mu garawa kan, ẹ̀kán omi kan ò sì kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi òrí ra àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa á, mo sì fi òòyà gba ṣóńṣó wọlé, ó di ìwọ̀n ìka kan, ó di ìka méjì, kó tó dé ìdí.

Síbẹ̀ ọmọ náà ń wárìrì, orí ń sá fún ọwọ́. Ẹ̀rù ohun tó ti dùn ún tẹ́lẹ̀ ló ń bà á. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Mo ní, "Ìyá rẹ àgbà, lọ́jọ́ kan báyìí, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀ níta ní Èbúté Mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ gbé irun náà, ó lọ bo fèrèsé ọkọ̀ ojú irin. Awakọ̀ wò síwájú, dúdú. Ó wò sẹ́gbẹ̀ẹ́, dúdú. Ó ní áà, ilẹ̀ ti ṣú. Ó pa ọkọ̀, ó tẹ́ ẹní, ó sùn."

"Gíránpà! Irọ́ ni!"

"Yí orí síbí. Àwọn èrò ọkọ̀ náà bá sùn."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá jí?"

"Bí o bá tún mi orí, wọn ò ní jí."

Orí dúró digbí. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é nìyẹn: apá kan irun, ìtàn kan. Bí orí bá yẹ̀, ìtàn á dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tí ọmọ náà fi ń gbé àga fúnra rẹ̀ wá bá mi.

Ibi tí ìgbéraga ti dé bá mi nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fọ irun náà, mo ní n ó kó o lówùú bí ìyá mi ṣe máa ń kó o fún àwọn obìnrin agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mú òwú dúdú, mo wé e mọ́ irun láti ìdí dé ṣóńṣó, mo fún un dáadáa kí onídìrí òdìkejì lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin. Irun náà tutù rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀. Mi ò dúró kó gbẹ.

Nígbà tí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ó ti gbẹ. Irun tó ń ká, bó bá ń gbẹ, ńṣe ló ń sún kì. Ó fa ọmọ náà níwájú orí, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ wá là rangandan bí ẹni tó rí áńgẹ́lì. Àlùfáà rò pé ìwàásù òun ló wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fi ogún ìṣẹ́jú kún un. Ọmọ náà fi ìgúnpá gbún mi jẹ́jẹ́.

"Gíránpà, mi ò lè pajú dé."

Mo gbé e jáde lọ sábẹ́ igi, mo ń tú òwú. Gbogbo iwájú orí rẹ̀ ti yọ ìléròrò wẹ́wẹ́. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí. Èyí ló dùn mí jù. Èmi tí mo ti ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́ pé igi tútù kì í ṣe é kàn, pé bó bá gbẹ á fa ìṣó jáde! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìyá rẹ̀ dé. Bí irun iwájú yẹn bá re, onígbàjámọ̀ ló ni ín.

Mo ní, "Má bínú. Mo ṣe é láṣejù."

Ó ní, "Ẹ ò sọ ìtàn lánàá. Òwú nìkan lẹ dojú kọ."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, a kì í fọwọ́ kan òwú àyàfi tí irun bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a ó sì dẹ ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi dígí wò ó, tí á ní, "Ó le, Gíránpà, ẹ dẹ̀ ẹ́." Ó gba òòyà lọ́wọ́ mi fún apá iwájú, ó ní òun mọ ibi tó ń dun òun. Mo ṣí àpótí ìyàwó mi, mo yọ síkáàfù sílíkì rẹ̀ kan fún un láti máa wé sùn, nítorí aṣọ ìrọ̀rí a máa fa òróró orí mu. Ìléròrò yẹn lọ. Irun náà sì ń dàgbà. Ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gà méjì wá wò ó bóyá wọ́n lè gba yàrá níbẹ̀. Mo ní kò sí àyè.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, onídìrí gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ sọdá wá.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí lẹ ń fi sí irun yìí gan-an?"

Mo ní, "Omi, òrí, àti irọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ mi dé láti Ìbàdàn. Kò tíì mu omi tó fi ní kí wọ́n gbé òòyà rẹ̀ wá. Onídìrí ti fi oníbàárà sílẹ̀, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi na òòyà sí ìdí irun gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ibẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó mú ike omi, ó tú u sí i. Ó pín irun sí mẹ́rin, pẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Ó fi òrí ra ọwọ́, ó fi òòyà ìrókò gba ṣóńṣó wọlé dé ìdí, apá kan tẹ̀ lé èkejì, ìyá rẹ̀ sì jókòó, ó ń wò ó. Ó wá gbé orí síwájú ìyá rẹ̀.

"Ó yá, ẹ fi tiyín kọjá."

Òòyà eyín ẹja yẹn wọlé láti iwájú, ó sì jáde ní ìpàkọ́ bí ọ̀bẹ nínú òrí. Mi ò ní purọ́, omijé kan bọ́. Ṣùgbọ́n ojú apárí ló ti bọ́, àdéhùn wa kò sì dárúkọ apárí.

Onídìrí pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ṣì ń fi ọwọ́ pa irun náà. Ó fà á, ó jọ̀wọ́ ẹ̀, ó padà ká. Ó ní, "Bí irun Màámi ṣe rí nìyí." Mo ní mo mọ̀.

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ onídìrí lójú. Ó bọ́ wíìgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Irun abẹ́ rẹ̀ ti dì, iwájú rẹ̀ ti ń re, ṣùgbọ́n ó ká. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún.

"Bàbá mi, ẹ bá mi wo tèmi náà. Ó máa ń dùn mí o."

Mo na ọwọ́ sí òòyà. Ọmọ rẹ̀ ti mú un. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ó mú ṣóńṣó irun ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ní, "Mọ́mì, ẹ má mi orí o. Lọ́jọ́ kan báyìí, Gíránpà ní irun. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sá aṣọ gbogbo Pápá Àjàó sórí ẹ̀."

Irọ́ gbáà. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ pa orí mi tó ń dán, mo ní, "Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀."